Bí Mo Ṣe Rán Ẹgbẹ̀ta Oníbàárà Lọ Sí Pálọ̀ Màmá Ọ̀gá Wa

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ewé yìí, ẹ ti ka ìtàn ẹni tí wọ́n gba ọkọ mọ́ lọ́wọ́, ẹ sì ti ka ti ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ dà. Kò sí àlè nínú tèmi, ọ̀rẹ́ kankan ò sì dà mí. Èmi gan-an ni ọ̀dàlẹ̀ inú ìtàn yìí. Bí ibì kan bá pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín, kò bí mi nínú. Ohun tí mo bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ kà á dé òpin.

Akọ̀wé ni mí nílé iṣẹ́ kékeré kan tó ń fa íńtánẹ́ẹ̀tì sílé àwọn ènìyàn. Akọ̀wé náà ni gbogbo wọn ń pè mí. Yàrá mẹ́ta la ní lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta kẹ̀kẹ́, ìwé owó sì ni iṣẹ́ tèmi. Sọ́fúwíà kan ló ń kọ ìwé owó náà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù, á fi ránṣẹ́ sí fóònù oníbàárà kọ̀ọ̀kan, oníbàárà á tẹ bọ́tìnnì, báńkì á yọ owó lára káàdì rẹ̀, ó parí. Ojú ibi tí owó ń gbà láti ara káàdì wá sọ́dọ̀ wa là ń pè ní ọ̀nà ìsanwó. Tí kò bá sí i, lẹ́tà lásán ni ìwé owó.

Ọ̀nà ìsanwó tiwa ti gbó. Ó máa ń dá káàdì padà bó bá ṣe wù ú, èmi sì ni oníbàárà máa ń pè láti bú. Ọ̀gá ti bá báńkì mìíràn sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà tuntun, ó sì gbé iṣẹ́ náà fún Ẹnjiníà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ nípa Ẹnjiníà. Mo fi ọdún méje ju ọmọ náà lọ. Èmi ni mo fi ibi tí kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà hàn án lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé. Àmọ́ kò pé ọdún méjì tí Ọ̀gá fi ń kọjá lára tábìlì mi láti lọ bi í ní ìbéèrè nípa kọ̀ǹpútà tèmi. Ọmọ náà kì í sì í gbéra ga. Kò lè kọjá lára mi kó má sọ pé, “Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí.” Èyí gan-an ló tún ń bí mi nínú jù, nítorí aláìlẹ́kọ̀ọ́ ló rọrùn láti kórìíra.

Ní àkókò yẹn, Ọ̀gá ti sọ pé òun máa yan olórí fún ẹ̀ka ìwé owó. Ẹ̀ka ọ̀hún ò ju ènìyàn méjì lọ, olórí náà wà lára wọn. Ṣùgbọ́n olórí ló máa jókòó sí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, mo sì ti ń wo tábìlì yẹn láti ọdún mẹ́rin.

Ìyàwó Ẹnjiníà wá bímọ. Ọ̀gá fún un ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì. Kó tó lọ, ó wá bá mi.

“Àǹtí, ọ̀nà tuntun yẹn ò tíì parí o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan èyí tó wà níbẹ̀ títí màá fi dé.”

“Mo ti gbọ́.”

“Tí wọ́n bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ ní kí wọ́n ní sùúrù.”

“Mo ní mo ti gbọ́.”

Ó lọ. Nígbà tí mo ti ilé oúnjẹ dé, mo rí i pé ó ti lẹ ìwé kékeré kan mọ́ ojú kọ̀ǹpútà mi: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án.” Ó tún fa ìlà méjì sí i nídìí.

Ìwé yẹn ló ṣe mí. Ṣé èmi ni wọ́n ń lẹ ìwé fún, bí ọmọ tí wọ́n ní kó jìnnà sí ìkòkò gbígbóná? Gbogbo ìgbà tí mo bá jókòó, ìwé yẹn ni mò ń kà. Ó di ọjọ́ kẹjọ, mo ti ń bá a jiyàn lọ́kàn mi.

Ọjọ́ kẹjọ ọ̀hún ló bọ́ sí ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù. Oníṣègùn eyín kan pè mí lọ́sàn-án, oníbàárà wa àtijọ́ ni.

“Akọ̀wé, káàdì mi ò kọjá. Ìgbà kẹta rèé.”

“Ẹ má bínú, sà. A ń tún un ṣe.”

“Ìgbà wo lẹ máa tún un ṣe tán?”

“Tí Ẹnjiníà bá ti dé, sà.”

“Ẹnjiníà? Kí wá ni iṣẹ́ tìẹ níbẹ̀?”

Ó ti fóònù rẹ̀ pa. Mo jókòó, ọ̀rọ̀ náà ń ta mí lára. Kí ni iṣẹ́ tèmi níbẹ̀? Mo gbójú sókè, mo wo tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti tàn sí i. Mo ní ó dáa, màá fi iṣẹ́ tèmi hàn wọ́n.

Mo ṣí ojú ewé ibi tí wọ́n ti ń to ọ̀nà ìsanwó. Mo rí orúkọ ọ̀nà tuntun níbẹ̀, Ẹnjiníà ti kọ ọ́ sí i. Mo sọ fún ara mi pé, ṣé ẹ ti rí i? Ó ti parí, ó kàn fẹ́ kí gbogbo ayé dúró de òun ni. Tí mo bá pa ti àtijọ́ rẹ́ lónìí, ìwé owó ọ̀la á gba ti tuntun lọ, Ọ̀gá á sì mọ ẹni tó mọ iṣẹ́.

Mo tẹ bọ́tìnnì. Sọ́fúwíà dá mi dúró. Ó ní ẹgbẹ̀ta oníbàárà ó lé ogójì ló wà lórí ọ̀nà yìí, ó ní ibo ni kí òun kó wọn lọ. Ó gbé àkójọ ọ̀nà tó kù sílẹ̀ fún mi. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: Owó Ọwọ́.

Ẹni tó ní làákàyè ìbá béèrè ìdí tí ọ̀nà tuntun kò fi sí nínú àkójọ náà. Èmi rò pé ìbéèrè lásán ni, irú èyí tí kọ̀ǹpútà máa ń bi ènìyàn kí ó lè mọ̀ pé òun náà gbọ́n. Mo yan Owó Ọwọ́.

Ó tún dá mi dúró, pẹ̀lú lẹ́tà pupa lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní gbogbo káàdì tí àwọn oníbàárà ti kọ sílẹ̀ máa pa rẹ́. Ó ní ohun tí mo fẹ́ ṣe yìí kò ní àtúnṣe. Ó ní tó bá dá mi lójú, kí n fi ọwọ́ ara mi kọ “bẹ́ẹ̀ ni” sí àárín àpótí kan.

Mo kọ ọ́. Mo tiẹ̀ tún wò ó lẹ́ẹ̀kejì bóyá mo kọ ọ́ dáadáa.

Ó parí ní kíá. Kò sí ariwo, kò sí iná. Mo já ìwé Ẹnjiníà kúrò lójú kọ̀ǹpútà, mo rún un, mo jù ú sínú garawa ìdọ̀tí, mo sì gbé báàgì mi, mo lọ sílé bí ẹni tó jagun ṣẹ́gun.

Ọkọ mi ń lọ aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ nígbà tí mo wọlé.

“Mo ti yanjú ọ̀rọ̀ ọ̀nà ìsanwó,” mo ní.

“Ọ̀gá yín ló ní kí o ṣe é?”

“Kò ní kí n má ṣe é.”

“Ẹnjiníà ńkọ́?”

“Ẹnjiníà wà nílé, ó ń fọ ìlédìí.”

Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró. “Ìyẹn kọ́ ni mo bi ẹ́.”

Mo ní kó jẹ́ kí n jẹun. Ó padà sídìí aṣọ tó ń lọ, kò sì sọ nǹkan kan mọ́. Mo mọ ìdákẹ́ ọkọ mi. Ó máa ń dákẹ́ báyẹn nígbà tí ó bá ti rí kòtò, tí ó sì mọ̀ pé mi ò ní gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, tí í ṣe ọjọ́ kìíní oṣù, mo tètè dé ọ́fíìsì. Ọjọ́ kìíní oṣù ni fóònù mi kì í sinmi. Lọ́jọ́ yẹn, kò dún. Aago mẹ́jọ lù, kò dún. Aago mẹ́sàn-án lù, ó ṣì dákẹ́. Mo sọ ọ́ síta, mo ní, “Ẹ rí ohun tí ènìyàn kan ṣoṣo lè ṣe.” Mo po tíì, mo gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, mo fi ìdí lé tábìlì yẹn díẹ̀ láti mọ bó ṣe rí.

Ẹ ò rí i pé ayé ń fi mí ṣeré. Àwọn oníbàárà ò pè nítorí pé wọ́n ti wà lójú ọ̀nà.

Aago mẹ́wàá kò tíì lù tí fóònù Ọ̀gá fi dún nínú yàrá rẹ̀. Ohùn ìyá rẹ̀ ni. Arúgbó náà máa ń sọ̀rọ̀ sókè lórí fóònù, nítorí náà gbogbo wa la gbọ́.

“Ọmọ mi, ṣé o ní nǹkan tí o fẹ́ sọ fún mi?”

“Nǹkan bíi kí ni, Màmá?”

“Ènìyàn kún inú ilé mi. Wọ́n kún ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n bọ́ bàtà kalẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà títí dé géètì. Ìyá ẹ̀gbẹ́ ilé rí èrò, ó sunkún wá, ó ń pe orúkọ mi, èmi ni mo lọ ṣílẹ̀kùn fún un. Ó dákú. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti kú tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi.”

Ọ̀gá ṣí fóònù rẹ̀ wò. Òun náà máa ń gba ìwé owó nítorí ìlà tó fà sílé ara rẹ̀. Ó ka ohun tó wà níbẹ̀ jáde, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀ bó ṣe ń kà á:

“Oníbàárà wa ọ̀wọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ mú owó yín wá sí pálọ̀ Màmá, ilé oní géètì aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Ẹ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má wá láàárín aago kan sí mẹ́ta, Màmá ń sùn. Tí owó yín kò bá dé títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ òní, íńtánẹ́ẹ̀tì yín máa já.”

Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́ sábẹ́ Owó Ọwọ́ lọ́dún méjìlá sẹ́yìn, nígbà tí iṣẹ́ náà ṣì wà ní pálọ̀ ìyá rẹ̀, tí oníbàárà wọn kò ju mẹ́sàn-án lọ. Ó ti gbàgbé. Sọ́fúwíà kò gbàgbé.

Ó jáde sí wa. “Ta ló fọwọ́ kan ọ̀nà ìsanwó?”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, àyè wà. Mo ní àyè tó tó kí n ní, “Èmi ni, sà, mo ṣàṣìṣe.” Ó máa bú mi, ó máa gbà á lára owó oṣù mi, á sì tán. Ṣùgbọ́n mo ti gbé ojú mi sí tábìlì yẹn jù. Mo ní:

“Bóyá Ẹnjiníà ni, sà. Òun ló ń tò ó kó tó lọ.”

Ẹyin lohùn, tó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Mo rí i bó ṣe fọ́. Ọ̀gá tẹ nọ́ḿbà Ẹnjiníà níwájú mi.

“Ìwọ lo pa ọ̀nà ìsanwó rẹ́?... Ìwọ kọ́? Akọ̀wé ló sọ ọ́, ó dúró níwájú mi níbí.” Ó tẹ́tí. Ó tún tẹ́tí. “Kí ló dé tí o dákẹ́? Mò ń bi ẹ́... O ò mọ̀? O ti ba iṣẹ́ ọdún méjìlá jẹ́, o wá ní o ò mọ̀? Tí ìsinmi ẹ bá parí, má wulẹ̀ padà wá.”

Ó fi fóònù sápò. “Ó dákẹ́,” ó wí fún mi. “Ẹni tó mọ́ kì í dákẹ́.”

Mo mi orí. Ẹ gbọ́ mi? Mo mi orí. Ọmọ ọjọ́ mẹ́wàá wà nílé ọkùnrin náà, mo sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

“Gbé kọ̀ǹpútà, jẹ́ ká lọ,” Ọ̀gá wí.

Mi ò rí ọ̀pọ̀ bàtà bí èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà Màmá rí láyé mi. Ó tó igba. Bàtà ọ̀gá báńkì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sílípáàsì, bàtà ọmọdé wà lórí bàtà nọ́ọ̀sì. Ọ̀gá fẹ́ gba àárín wọn kọjá.

“Bọ́ bàtà ẹ,” ohùn kan wí láti inú ilé. Ìyá rẹ̀ ni. Ọ̀gá bọ́ ọ.

Mo rò pé a máa bá arúgbó náà nínú ìpayà. Màmá jókòó sórí àga rẹ̀ bí ìyàwó tuntun, àwọn ènìyàn rọ̀gbà yí i ká lórí àga, lórí àpótí, lórí ibùsùn rẹ̀ tó hàn láti ẹnu ọ̀nà yàrá. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ti pín nọ́ḿbà fún wọn, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń pè wọ́n. Ìyá ẹ̀gbẹ́ ilé tó dákú ti jí, ó ń gbé omi kiri fún wọn.

Owó kọ́ ló jẹ Màmá lógún. Ó fi ìrọ̀rí bo owó tí wọ́n ti kó jọ, ó ń fọ̀rọ̀ wá oníbàárà lẹ́nu wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó kan onígbàjámọ̀ kan.

“Kí lo ń fi íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe?”

“Mo fi ń wo bọ́ọ̀lù, Màmá.”

“O máa ń gbá a?”

“Rárá, mà. Mo máa ń wò ó ni.”

“Owó tó tó báyìí, torí bọ́ọ̀lù tí ẹlòmíràn gbá. Ṣé o láya?”

“Mo láya, mà.”

“Máa wo ìyàwó ẹ.”

Tíṣà yẹn sọ fún Ọ̀gá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ènìyàn mẹ́rin ti gba ìmọ̀ràn Màmá, wọ́n ti ní ká já ìlà àwọn. Ọ̀gá di orí mú.

Wọ́n fi mí sídìí tábìlì kékeré kan pé kí n máa kọ orúkọ. Oníṣègùn eyín wọlé, ó rí mi. “Àbí Ẹnjiníà ti dé ni?” ó béèrè. Mi ò lè wo ojú rẹ̀. Orúkọ tí mo kọ sílẹ̀ fún un, mi ò mọ̀ bóyá tirẹ̀ ni.

Màmá wá kọjú sí ọmọ rẹ̀. “Ta ló ṣe iṣẹ́ yìí?”

“Ẹnjiníà ni, Màmá. Mo ti lé e.”

“Èyí tíyàwó ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí?”

“Òun ni.”

Màmá wo ọwọ́ ara rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé tí a bá ti dé ọ́fíìsì, màá pe Ọ̀gá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, màá sọ ọ́. Ó yá, màá sọ ọ́ lọ́la. Ẹni tó bá ti purọ́ rí á mọ irú ọ̀la tí mò ń wí.

Ọ̀gá ṣí kọ̀ǹpútà lórí orókún rẹ̀, ó pe àwọn tó ni sọ́fúwíà náà pé kí wọ́n ràn wá lọ́wọ́. Ariwo pọ̀ nínú pálọ̀, nítorí náà ó gbé ohùn fóònù sókè. Obìnrin kan dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ tutù, kò sì kánjú.

“A rí i, sà. Wọ́n pa á rẹ́ lánàá, aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, láti orí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì yín.”

“Àná?” Ọ̀gá wí. “Kò lè jẹ́ àná. Ẹni tó ṣe é ti lọ fún ìsinmi láti ọjọ́ mẹ́jọ.”

“Àná ni, sà. Orúkọ tó wà níbẹ̀ ni Olórí Ẹ̀ka Ìwé Owó.”

“A ò ní olórí ẹ̀ka ìwé owó.”

“Ó wà níbí, sà.”

Ẹ̀yin òǹkàwé, èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, lọ́jọ́ tí iṣẹ́ ò pọ̀, mo yí orúkọ mi padà nínú sọ́fúwíà láti wo bí yóò ṣe rí. Ó dùn mọ́ mi, mo sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

“Nọ́ḿbà fóònù kan wà lára orúkọ náà, sà. Ṣé kí n kà á?”

“Kà á,” Ọ̀gá wí.

Ó kà á. Ọ̀gá yá fóònù Tíṣà, ó ń tẹ nọ́ḿbà náà bí obìnrin náà ṣe ń pè é. Mo na ọwọ́ sínú báàgì mi láti pa fóònù mi. Mo kan kọ́kọ́rọ́, mo kan ìyarun, mo kan ìwé ilé ìwé ọmọ mi. Mi ò kan fóònù.

Ẹ̀rín ọmọ mi kékeré ni mo fi ṣe ohùn fóònù mi. Mo gbà á sílẹ̀ nígbà tí ọmọ náà wà lọ́mọ ọdún kan. Ó bẹ̀rẹ̀ láti inú báàgì, ó ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Ọmọ ń rẹ́rìn-ín, ó ń sinmi, ó tún ń rẹ́rìn-ín, àádọ́ta ènìyàn sì ń wo báàgì mi. Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ bá a rẹ́rìn-ín, ó rò pé ọmọ gidi ni.

Ọ̀gá ò pa ìpè náà. Ó jẹ́ kó dún títí ó fi tán.

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀. “Èmi ni, sà. Èmi ni mo pa á rẹ́. Ẹnjiníà ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Mo purọ́ mọ́ ọn.”

Ojú tì mí débi pé etí mi ń hó. Màmá ló sọ̀rọ̀.

“Dìde. Èmi kọ́ lo ṣẹ̀, má kúnlẹ̀ fún mi.” Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Ìwọ ńkọ́? Ta lo bi kí o tó lé ọmọ ọlọ́mọ?”

“Mo bi Akọ̀wé, Màmá.”

“O bi ẹni tó wà nítòsí. Ọmọ tí mo bí, tó kàwé.” Ó na ìka sí fóònù. “Ẹ pe Ẹnjiníà. Kí ẹni tó purọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kí gbogbo wa gbọ́.”

Mo pè é. Ó gbé e kíá, bí ẹni tó ti di fóònù mú láti àárọ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí.”

Bó ṣe máa ń kí mi náà ló kí mi. Mo sọ ọ́ fún un tẹkúntẹkún, níwájú àádọ́ta ènìyàn, pé èmi ni, pé òun kọ́, pé irọ́ ni mo pa. Ọmọ tuntun ń ké lẹ́yìn rẹ̀.

“Mo gbọ́, mà,” ni gbogbo ohun tó sọ.

Ọ̀gá gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó wọ yàrá ìyá rẹ̀, ó ti ìlẹ̀kùn. Àwọn tó jókòó sórí ibùsùn níbẹ̀ ló wá sọ fún wa pé ó bẹ̀ ẹ́, pé ó ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Wọn ò lé mi. Màmá ló dá sí i. Ó ní ẹni tó bá lé mi, ta ló máa tún ohun tí mo bàjẹ́ ṣe? Mo tún un ṣe lóòótọ́. Ẹnjiníà parí ọ̀nà tuntun, èmi sì pe ẹgbẹ̀ta oníbàárà àti ogójì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tún káàdì wọn kọ sílẹ̀. Ó gbà mí ní oṣù kan gbáko. Àwọn kan bú mi, àwọn kan ní kí n kọ́kọ́ wá bàtà àwọn rí, nítorí wọ́n ti gbé bàtà ẹlòmíràn wọ lọ. Nǹkan bí ogójì àgbàlagbà kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní pálọ̀ Màmá tẹ́ àwọn lọ́rùn. Nítorí wọn, gbogbo ọjọ́ kìíní oṣù ni mo máa ń lọ jókòó tì Màmá, inú rẹ̀ sì máa ń dùn láti òwúrọ̀. Ẹ mọ ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé báyìí. Ó tọ́ sí i.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò lọ tó wákàtí mẹ́ta kí ó tó bá a. Mo lè fi ìyẹn ṣe ẹ̀kọ́ fún yín, kí n sì dákẹ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló jẹ́ kí n kọ̀wé sí yín.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí àṣírí mi tú, ọkọ mi mú mi lọ sílé Ẹnjiníà láti lọ bẹ̀bẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ó gbé ọmọ léjìká.

“Ṣé ẹ̀yin ni Àǹtí?”

“Èmi ni.”

“Ó máa ń sọ̀rọ̀ yín dáadáa,” ó wí, kò sì rẹ́rìn-ín.

A jókòó. Mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ mi sórí láti ilé, ọkọ mi ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àmọ́ mo kọ́kọ́ bi Ẹnjiníà ní ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ yẹn.

“Nígbà tí Ọ̀gá pè ẹ́, kí ló dé tí o dákẹ́? Kí ló dé tí o ò jà?”

Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ilẹ̀.

“Àǹtí, mo kọ́kọ́ ní èmi kọ́. Ọ̀gá wá ní ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Ni mo bá ní, tí Àǹtí bá ti sọ ọ́, á jẹ́ pé èmi ni. Mi ò sùn dáadáa látìgbà tí ọmọ ti dé. Mo rò pé bóyá mo ṣe é kí n tó lọ, tí mo gbàgbé. Mo jókòó síbí yìí, mò ń wá a nínú orí mi. Mo ti bẹ ìyàwó mi pé kó má bínú, pé ọwọ́ ara mi ni mo fi ba iṣẹ́ mi jẹ́. Ó ní kí n rò ó dáadáa. Mo ní kò sí ohun tí mo fẹ́ rò, Àǹtí kì í purọ́.”

Mi ò rántí ẹyọ kan nínú ọ̀rọ̀ tí mo kọ́ sórí. Mo sunkún nínú ilé ọmọ ọlọ́mọ, ìyàwó rẹ̀ ló sì dìde lọ bu omi wá fún mi.